Mú Àwọn Ìwé Nì Wá

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ẹ kú òjò, ẹ sì kú ìnáwó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó tún wọlé dé.

Ní ìparí lẹ́tà kejì tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Tímótì, ẹsẹ kan wà tí a kì í sábà fi wàásù: orí kẹrin, ẹsẹ 13. Ẹ wo ipò tí bàbá náà wà. Ẹlẹ́wọ̀n ni. Ó ti sọ lókè pé àkókò àtilọ òun ti sún mọ́. Démà ti já a sílẹ̀, Lúùkù nìkan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà òtútù sì ń bọ̀. Kí ni ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ pa òun ń béèrè? Ó ní kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì lọ́dọ̀ Kápù bọ̀, àti àwọn ìwé, pàápàá àwọn ìwé awọ.

Àwọn ìwé! Ọkùnrin tó pàdé Olúwa lójú ọ̀nà Damásíkù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà tí à ń kà títí dòní, ó ṣì fẹ́ kàwé. Kò ní ìdánwò kankan níwájú, kò sì retí ìgbéga níbi iṣẹ́. Aṣọ wà fún ara, ìwé wà fún inú, ó kọ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń rán ọmọ lọ sọ́jà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé kíkà ti di ọ̀rọ̀ WAEC àti JAMB. Bí ọmọ bá jókòó ti ìwé, a ó bi í pé ìdánwò wo ló fẹ́ ṣe. Bí àgbàlagbà bá jókòó tì í, wọ́n á ní ṣé ó tún fẹ́ padà sí yunifásítì ni. Ọjọ́ tí èsì bá jáde, gbogbo ìwé á wọnú páálí, páálí á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku á wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé tí èèyàn ń kà nítorí pé ó dùn ún kà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni mo ka adùn yẹn sí, kò sì yẹ ká máa wá àwáwí ká tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá tètè gbà pẹ̀lú mi. Nígbà tí wọ́n gba Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí a wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther, sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tó sì gúnlẹ̀ sí Sàró (Sierra Leone) lọ́dún 1822, kò mọ lẹ́tà kan. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé bó ṣe kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sáré wọ ìlú lọ tọrọ eépìnnì kan lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi ra páálí ABD tí yóò jẹ́ ti òun nìkan. Òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ pé ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí òun dé Sàró, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun dé ìwọ̀n àyè kan. Oṣù mẹ́fà, lédè tí kò gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí! Ẹ bá mi bi ẹ́ni tó ń fi pàṣán kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà bóyá pàṣán lè ṣe èyí. Ọmọ náà ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́dún 1864. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì jókòó ti iṣẹ́ ìtumọ̀ títí odindi Bíbélì fi jáde ní Yorùbá lọ́dún 1884.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà ni Henry Townsend tó bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. 120 owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Ohun tó lóun ń wá ni pé kí ìwé kíkà di bárakú fáwọn èèyàn. Bárakú, ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ tí a máa ń lò fún ọtí àti tábà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i.

Ní ti adùn rẹ̀, kíkà sókè ni mo fi ṣáájú. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ, ìwẹ̀fà ará Etiópíà tó ń ṣọ́ ìṣúra ọbabìnrin Káńdákè ń darí relé láti Jerúsálẹ́mù, lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ tó lọ sí Gásà. Fílípì sáré sún mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ọ tó ń ka ìwé wòlíì Aísáyà. Ẹ ò rí nǹkan: ó gbọ́ ọ ni! Ẹnu ni bàbá náà fi ń kà á nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ, kò sì bìkítà pé kò yé òun tán. Èdè tiwa gan-an, ohùn ló ń fẹ́. Ẹ mú Sáàmù 104 lálẹ́ òní, ẹ kà á síta, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ ó bá ẹyẹ àkọ̀ pàdé lórí igi rẹ̀, ẹ ó bá ọmọ kìnnìún tó ń wá oúnjẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run pàdé, ẹ ó sì dé ọ̀dọ̀ Léfíátánì, ẹran ńlá inú òkun, tí onísáàmù sọ pé Ọlọ́run dá kó máa ṣeré níbẹ̀. Ọlọ́run tó dá odindi ẹ̀dá kó lè máa ṣeré kò ní bínú sí yín nítorí ìwé ìtàn kan.

Àwọn adùn kéékèèké náà wà tí ẹni tó bá ń kàwé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ra ìwé àlòkù lẹ́bàá títì, ẹ wá rí i pé ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ "irọ́ ni!" sí. Ẹ̀yin àti ẹni náà ti wà nínú àríyànjiyàn nìyẹn. Tàbí kí ẹ ṣí Bíbélì bàbá àgbà, kí ẹ rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú "nwọn" àti "li" àtijọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi rẹ́rìn-ín. Tàbí kí ìtàn dùn débi pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ewé tó kù ṣahun, kó má baà tètè tán. Ìtàn ìgbésí ayé èèyàn ló máa ń mú tèmi, ní ìdájí, kí agogo ilé mìíràn tó dún. Ìyá ìjọ ò fara mọ́ títan iná nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ilé nìyẹn.

Ọba Ahasuérúsì náà kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n gbé ìwé ìrántí wá, kí wọ́n máa kà á fún òun. Ibẹ̀ ni orúkọ Módékáì, ẹni tó tú àṣírí àwọn tó fẹ́ pa ọba, ti jáde. Ká ní fóònù wà lọ́wọ́ ọba lóru ọjọ́ náà, ibi ẹ̀fẹ̀ àti ìjà àwọn òṣèré ni ì bá wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò fi Oníwàásù 12:12 dá mi lóhùn, pé ìwé púpọ̀ kò lópin, ẹ̀kọ́ púpọ̀ sì ń mú ara ṣàárẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ìwé náà ló kọ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni ti àwọn àgbà wa. Àwọn tó bọ́ sínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní January 1955 ti lé ní 70 ọdún dáadáa. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn ìwé ju àwa lọ, ṣùgbọ́n ojú kò gbé e mọ́. Àwọn ìyá mìíràn wà tí kò sẹ́ni tó rán wọn nílé-ìwé rí. Nínú Nehemáyà orí kẹjọ, Ẹ́sírà ka ìwé òfin láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, etí ni àwọn èèyàn fi gbà á, nígbà tó sì parí, wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹ ọ̀rá, kí wọ́n mu ohun dídùn. Nítorí náà mo ti bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Láti oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò máa lọ sílé àwọn àgbà ní méjì-méjì lọ́sàn-án Sátidé láti kàwé fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí àgbà bá fẹ́ gbọ́ ni kí ẹ kà: ìtàn ọdẹ, àlọ́ ìjàpá, ìwé ìròyìn, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ẹ má sọ ọ́ di ìpàdé àdúrà, àyàfi bí àgbà bá ní kí ẹ gbàdúrà. Ẹ gbóhùn sókè, ẹ má ṣe gé ibi tó gùn kúrò, nítorí wọ́n máa mọ̀.

Pẹpẹ ìwé kan ti wà ní yàrá ìmúra àwọn akọrin báyìí. Ẹni tó bá yá ìwé kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà níbẹ̀. Bí epo ọbẹ̀ bá kán sí i, ẹ má fi ìtìjú gbé e pamọ́, ẹ dá a padà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ìwé Yorùbá àtijọ́ nílé tí ikán kò tíì jẹ tán, kó gbé e wá fún wa, ìbáà má lẹ́yìn mọ́. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ bàbá mọ ìwé dì, ó ti ní òun kò ní gba kọ́bọ̀.

Tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùṣọ́-àgùntàn yín