Àdùkẹ́, mo rí àwọn tó ń kọ́lé láìgbowó

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti bú mi tán. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n yàn fún mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Túnjí ti yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà, wọ́n sì ti yọ eyín tó ń dùn mí. Àbúrò mi sọ pé ilé tí mo ń kọ́ ti dé líńtẹ̀lì. Líńtẹ̀lì náà la wà láti ọdún tó kọjá.

Òkúta ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi àtàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbàyè ọjọ́ mẹ́rin, a wa mọ́tò kúrò ní Perth ní Australia níbí, ó lé ní kìlómítà 700, títí a fi dé Hamelin Pool ní Shark Bay. Ìjì ọdún 2021 ti ba afárá onípákó tí wọ́n fi ń wò ó jẹ́, etí omi la dúró sí. Kí ni mo rí? Òkúta dúdú kúkúrú kúkúrú, bí ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ. Mo ní ṣé èyí ni mo torí ẹ̀ jókòó látàárọ̀?

Àfi bí wọ́n ṣe ní kòkòrò ló kọ́ ọ! Àwọn tíntìntín tí ojú ò lè rí. Wọ́n á tẹ́ ara wọn sílẹ̀ nínú omi bí ẹní, ara wọn á máa yọ̀ bí ilá. Iyanrìn tí omi bá gbé wá á lẹ̀ mọ́ wọn. Tó bá fẹ́ bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á rọra fà gòkè, torí oòrùn ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ, wọ́n á sì tún tẹ́ ẹní mìíràn lé ti àná. Ẹfun inú omi á so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di òkúta. Kò sí bíríkìlà, kò sí ẹni tí yóò pè ọ́ lóru pé irin ti wọ́n sí i.

Ìgbín omi ì bá ti jẹ wọ́n tán, àmọ́ iyọ̀ ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti òkun. Iyanrìn àti koríko inú omi ló dí ẹnu ọ̀nà, omi ò ráyè wọlé jáde, oòrùn sì ń fà á gbẹ. Ibi tí ẹlòmíràn ò lè gbé ni wọ́n fi ṣelé. Mo ro ti ara mi díẹ̀ níbẹ̀.

Wọn ò kánjú o. Wọn ò ga tó ìdajì mìlímítà lọ́dún! Èyí tó dé mi lórúnkún ti lé ní 1000 ọdún. Nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń kó irun àgùntàn lọ sínú ọkọ̀ ojú omi máa ń gba orí wọn kọjá. Ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ọgbẹ́ náà ò tíì jinná. Irú wọn tó wà ní Pilbara, lápá òkè lọ́hùn-ún, ti tó bílíọ̀nù 3.5 ọdún.

A yà sí Shell Beach náà. Dípò iyanrìn, ìkarahun funfun tí kò ju èékánná lọ ló kún ibẹ̀, ó jìn wọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà. Òjò á yọ́ ẹfun ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á le. Wọ́n máa ń fi ayùn gé e bíi bọ́lọ́ọ̀kù láyé ọjọ́un. Mo fọwọ́ kan ara ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi kọ́ ní Denham. Ọwọ́ mi wà lára ògiri yẹn ni omijé bá dé. Mo ní atẹ́gùn ni.

Àdùkẹ́, fọ́tò mẹ́ta ni àbúrò mi ti fi ránṣẹ́ láti Mọ́níyà láàárín oṣù méje. Ewúrẹ́ kan náà ló dúró sójú kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ewúrẹ́ náà kì í lọ jẹun ni?

Jọ̀ọ́, bá mi débẹ̀. Má pè é kó o tó lọ. Kí ìwọ fúnra rẹ dúró síwájú ilé náà kí wọ́n yà ọ́, kí n lè fi ọ́ mọ bó ṣe ga tó. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ya ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Màá fi owó mọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀.

Má sọ fún ìyá mi o.

Èmi ni,
Rónkẹ́