Ẹ dá kíláàsì ọjọ́ Sátidé wa padà

Ìtokú, Abẹ́òkúta

Sí Ọ̀gá Àgbà iléẹ̀kọ́ okòwò,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Aláàdìrẹ ni mí. ₦60,000 ni mo san fún yín fún ẹ̀kọ́ okòwò ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀sẹ̀ 3 péré la fi jókòó ti olùkọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp pé ẹ ti tún ètò yín tò nítorí àwa oníbàárà, pé fídíò la ó máa wò láti ìgbà náà lọ.

Ta lẹ bi nínú wa? Àwa 14 la jọ ń lọ, ẹ ò pe ẹnì kankan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kíláàsì yẹn ń ṣe mí láǹfààní. Tẹ́lẹ̀, iye tí ará ìsọ̀ kejì bá pè ni èmi náà ń pè. Olùkọ́ yín ló ní kí n kọ owó aṣọ funfun, aró, sódà, àbẹ́là àti owó ọmọṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, "Igi ìdáná ńkọ́? Ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń so oníko ńkọ́?" (Oníko ni àdìrẹ tí a máa ń fi okùn so kí a tó rẹ ẹ́.) Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ń tà ní àdánù. Fídíò wo ló máa gba ìwé lọ́wọ́ mi?

Òun náà ló kọ́ wa pé kí á tó yí bátánì padà, ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó ń rà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ní ẹlẹ́kọ, ìyẹn àdìrẹ tí a fi ẹ̀kọ ya bátánì sí, táwọn mọ̀ pé ọwọ́ ló ya á làwọn ń fẹ́, nítorí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà ti kún ọjà. Ká ní mi ò bèèrè ni, ǹ bá má mọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin ò bi wá?

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú fídíò náà látòkèdélẹ̀. Ìyá kan tó ti ń rẹ aṣọ láró kí wọ́n tó bí mi ti pa á tì. Dátà náà ò sì rọrùn, láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti gbà ní oṣù kìíní 2025 pé kí wọ́n fi kún iye tí wọ́n ń gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Sátidé wa padà, ní èdè Yorùbá. Ẹni tó bá wù kó máa wo fídíò mọ́ ọn. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá ₦45,000 ọ̀sẹ̀ 9 tó kù padà fún mi. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín, aláàdìrẹ Ìtokú