Sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Béèrè Àga fún Ẹ̀sìn Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń jiyàn pé kí ìjọba ya àga sọ́tọ̀ nílé aṣòfin fún Kìrìsìtẹ́nì, fún Mùsùlùmí àti fún oníṣẹ̀ṣe, kí àwọn tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan náà sì ní tiwọn. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé, bíṣọ́ọ̀bù 26 ti Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jókòó nílé aṣòfin àgbà nítorí oyè ìjọ wọn nìkan. Kò sí ìjọ mìíràn tàbí mọ́ṣáláṣí tó ní irú àga bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fi tàwọn yòókù kún un kí ó lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yan ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo Mùsùlùmí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí àwọn fúnra wọn kì í sábà fẹnu kò lórí ọjọ́ tí wọn yóò túnu ààwẹ̀?

Nílé níbí, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 10, sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tí ń rí sí ìrìnàjò Mẹ́kà àti èyí tí ń rí sí ti Jerúsálẹ́mù. Kò sí ti oníṣẹ̀ṣe. Ẹ lọ sí ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ wò ó: pásítọ̀ á gbàdúrà, lèmọ́mù á gbàdúrà, gbogbo ilé á ṣe àmín, babaláwo tí òun náà ń san owó orí á sì máa wolẹ̀. Bí a bá wá fún babaláwo ní àyè tirẹ̀, ẹni tí kì í gbàdúrà rárá ni yóò kù tí yóò máa wolẹ̀.

Nígbà tí Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun fi ọlidé sọrí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, inú mi dùn, nítorí pé ọlidé ń fún ọmọ ẹ̀sìn láàyè láti bọ ohun tí ó ń bọ, láìfún olórí rẹ̀ láṣẹ lórí ẹnikẹ́ni. Àga nílé aṣòfin kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a dìbò ní June 12, 1993 mọ̀ pé Mùsùlùmí ni Abíọ́lá tó ń du ipò ààrẹ àti Kingibe tó fẹ́ ṣe igbákejì rẹ̀, síbẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yorùbá tò sórí ìlà fún wọn. Bí pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù bá ní ohun tí yóò sọ sí òfin, kí ó gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ó polongo láti ojúlé dé ojúlé, kí àwa náà sì lè fi ìbò yọ ọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin.

Èmi ni bàbá yín, ní Ìbàdàn.