Owó Tó Wọlé Kì í Ṣe Èrè

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nípa ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ tí o fẹ́ yáwó rà. Inú mi dùn pé o bi mí kí o tó tọwọ́ bọ̀wé ẹnikẹ́ni. Má tíì rà á.

O ní owó tó wọlé lóṣù tó kọjá pọ̀. Mo ní èló ló kù, o ní o ò tíì ṣírò. Ibẹ̀ ni ìnáàkúnàá ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe níbi àríyá. Ká ní o gba 10,000 náírà lórí gáùn kan. Yọ owó láíníǹgì, sípù àti òwú, yọ epo, yọ oúnjẹ ọmọṣẹ́, yọ ìpín ọjọ́ náà nínú owó ṣọ́ọ̀bù. Yọ owó iṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni èrè. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ń fi àsansílẹ̀ ẹnì kan ra ìlò aṣọ ẹlòmíràn, wọ́n á tún mú níbẹ̀ se ọbẹ̀. Tó bá dọjọ́ tí aṣọ yẹ kó jáde, wọ́n á ní kí oníbàárà padà wá lọ́la.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá rẹ. Láti Iléṣà níbí ló ti ń ru aṣọ lọ sílùú àwọn Èkìtì, a tà á láwìn, a padà lọ gbowó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àpò rẹ̀ a máa kún, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ti ẹni tó kó aṣọ fóun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í fọwọ́ kàn án.

Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ lo wà, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ. Tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, ọjà á dákẹ́. O rántí ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó yá ọ lówó kò ní dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Máa gbé iṣẹ́ ọnà náà lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ, kí o fi owó rẹ̀ kún owó ìránṣọ. Tí owó tí ò ń san fún un lóṣù bá ti ń sún mọ́ iye tí gbèsè ẹ̀rọ máa gbà, ká wá jókòó sọ̀rọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ tí ò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn ń kọ mí lóminú. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ kì í mu epo, áyọ́ọ̀nù eléèédú sì wà. Má tan jẹnẹrétọ̀ torí tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n má ya ahun o. Abẹ́rẹ́ tó bá kújú, pààrọ̀ rẹ̀. Fi òróró sí ẹ̀rọ. Má ra òwú tó ń já torí pé kò wọ́n. Tí aṣọ bá tú lára ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé èló lo ra òwú. Má sì gé oúnjẹ ọmọṣẹ́ kù láé.

Aṣọ ẹbí ló máa nira fún ọ jù, mo mọ̀ ọ́. Dá iye kan tí wàá máa gbà bí owó oṣù, inú rẹ̀ ni kí aṣọ ẹbí ti jáde. Tí kò bá ká a, wọ èyí tí o ní lọ. Èmi ìyá rẹ ti wọ aṣọ àtijọ́ lọ síbi ìnáwó púpọ̀, wọ́n sì gbé oúnjẹ fún mi.

Ra ìwé kan ní Sábó. Kọ èyí tó wọlé sápá kan, kọ èyí tó jáde sápá kejì, títí kan owó ọ̀kadà. Tóṣù bá parí, gbé e wá sílé ká jọ wò ó, kí o tó dá ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó lóhùn. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.