Ẹ bá wa kọ nípa Orange Juice, ẹ má sì gbàgbé Zeke

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Glasgow ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Mo máa ń ka ojú ewé orin yín dáadáa, tí ẹ bá ti kọ nípa àwọn olórin àtijọ́ báyìí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kà á, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀yin ni kí n bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bándì kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi kọ nípa ẹ̀, Orange Juice lorúkọ wọn, ọmọ ìlú ibí ni wọ́n, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí mo bi níbi iṣẹ́ ò mọ̀ wọ́n, àwọn àgbà tó sì mọ̀ wọ́n, orin kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn wọn.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni mo wà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ń dún jẹ́jẹ́ lórí tábìlì wa, bàbá kan sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì sọ odindi gbólóhùn kan látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, tó bá fẹ́ omi á kàn nawọ́ ni, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn ẹ̀ àmọ́ kò rí i sọ jáde. Bí wọ́n ṣe fi "Rip It Up", orin Orange Juice kan ṣoṣo yẹn, sí i báyìí, bàbá yìí bá yanu ó ń bá wọn kọ ọ́ lọ, gbogbo ègbè ẹ̀ pátá, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti ife omi lọ́wọ́, omijé ń bọ́ lójú mi. Àwa táa wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lè ṣì kọrin, torí ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ fẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ, ṣùgbọ́n kéèyàn mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kó ṣojú ẹ̀ kòrókòró.

Èmi náà mọ orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kàwé ní ìlú ọba láyé ìgbà yẹn, ó kó kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ wálé, orin yẹn wà nínú ọ̀kan tó gbà sílẹ̀ látorí rédíò, kò kọ orúkọ kankan sára ẹ̀, a kàn ń gbọ́ ọ ni, à ń jó sí i, nígbà tó yá téèpù inú ẹ̀ já, ó parí síbẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sì mọ̀ rárá pé ìlú tí mò ń gbé yìí gan-an ni orin ọ̀hún ti wá. Nígbà tí mo ṣíwọ́ láàárọ̀, mi ò lè sùn, mo jókòó ti fóònù mi, mo ń wá wọn kiri.

Bearsden lẹ́bàá Glasgow ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Nu-Sonics ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, lọ́dún 1979 ni wọ́n wá di Orange Juice. Edwyn Collins ló ń kọrin tó tún ń ta gìtá, James Kirk náà ń ta gìtá, David McClymont wà nídìí báàsì, Steven Daly ń lu ìlù. Ẹ rántí pé àsìkò pọ́ńkì ni o, tí gbogbo bándì ń pariwo tí wọ́n ń lejú mọ́ èèyàn, àwọn ọmọ yìí ní àwọn ò ṣe ìyẹn, ẹni tójú ń tì, ẹni tọ́kàn ẹ̀ gbọgbẹ́ torí ìfẹ́, òun làwọn máa kọrin nípa ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà gan-an, ẹ máa gbọ́ Chic, bándì dísíkò Amẹ́ríkà, nínú gìtá wọn, wọ́n tiẹ̀ tún orin Al Green kan kọ sínú álíbọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1982. Ohùn Edwyn kì í ṣe ohùn tó dán, nígbà míì bí ẹni pé ó fẹ́ yẹ̀ nídìí orin, àmọ́ tó bá ní ọkàn òun bàjẹ́, ẹ máa gbà á gbọ́.

Alan Horne, ọ̀rẹ́ wọn, ló dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Postcard sílẹ̀, inú fúláàtì tó ń gbé ní West Princes Street ló ti ń ṣe gbogbo ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn London ni ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ń sá lọ, àwọn yìí jókòó sí Glasgow, wọ́n ya ológbò tó ń lu ìlù sára rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n sì kọ ọ́ síta pé àwọn ni ohùn àwọn ọ̀dọ́ Scotland. "Falling and Laughing" ló kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1980. Postcard ò pẹ́ o, 1981 ló ti kógbá wọlé, àmọ́ ibẹ̀ náà ni bándì Aztec Camera àti bándì Josef K ti jáde. Mo ti gba àdúgbò yẹn kọjá láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ ìsinmi mi mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ síbẹ̀, mo fi etí gbọ́ "Falling and Laughing" lójú títì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Nígbà tó fi máa di 1982, Kirk àti Daly ti kúrò, ẹni tó wá jókòó sídìí ìlù ni Zeke Manyika, ọmọ Zimbabwe. Òun ló wà nídìí ìlù nínú "Rip It Up". Nínú orin yẹn, ohùn kan wà lábẹ́ tó ń yí bí omi tó ń hó, ẹ̀rọ kékeré kan tí Roland ṣe ní Japan ló ń dún bẹ́ẹ̀, TB-303 ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹn ṣe orin tó tà, ó ṣì tó ọdún mélòó kan kí àwọn ará Chicago tó fi ṣe orin ijó tí wọ́n ń pè ní acid house. Ipò kẹjọ ni orin náà dé lórí àtẹ orin tó ń tà ní ìlú ọba lọ́dún 1983, orin wọn kan ṣoṣo tó wọ ogójì àkọ́kọ́ nìyẹn. Zeke ò sì lu ìlù lásán, ó tún kọrin, nínú álíbọ́ọ̀mù tí òun náà ń jẹ́ "Rip It Up", orin kan wà tí wọ́n pè ní "Hokoyo", ọ̀rọ̀ Shona ni, bí ìgbà táa bá ní ṣọ́ra ẹ. Nígbà tó di 1984, Edwyn àti Zeke nìkan ló kù, àwọn méjèèjì ló ṣe álíbọ́ọ̀mù tó gbẹ̀yìn, Dennis Bovell tí wọ́n bí ní Barbados ló bá wọn ṣe kòkáárí ẹ̀. Dennis yìí kan náà ló ṣe kòkáárí rẹ́kọ́ọ̀dù tí Fela gbà sílẹ̀ ní Amsterdam lọ́dún 1983! Mo kà á mo pariwo nínú yàrá. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ohun tí mo kà nípa bándì yìí, ìlà kan péré ni wọ́n máa ń fún Zeke, wọ́n á sì fò ó lọ. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tó wá gbé mi dìde lórí ìjókòó nìyí. Lóṣù kejì ọdún 2005, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ Edwyn, kò pẹ́ ó tún bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ. Fún ìgbà kan, nǹkan mẹ́rin péré ló lè sọ: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, Grace Maxwell tó jẹ́ orúkọ ìyàwó ẹ̀, àti gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé ohun tó ṣeé ṣe kò lópin. Ẹni tó kọ orin tí bàbá yẹn ń kọ ní wọ́ọ̀dù mi, àìsàn kan náà ló ṣe é! Mo mọ ohun tí ìyàwó ẹ̀ á ti fojú rí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn ìyàwó báyẹn, wọ́n á jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á na ṣíbí sókè, wọ́n á ní kí lèyí, kí lèyí, lọ́jọ́ kan náà nígbà ogún. Edwyn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ya àwòrán ẹyẹ, lẹ́yìn náà ó padà sórí ìtàgé, ọwọ́ òsì ẹ̀ á di okùn gìtá mú, ẹlòmíì á máa bá a ta á. Ó gbé álíbọ́ọ̀mù jáde lọ́dún 2010, ó tún gbé òmíì jáde lọ́dún 2019. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín á ti gbọ́ "A Girl Like You" tó dá kọ lọ́dún 1994, wọn ò kàn mọ̀ pé òun ni.

Bàbá yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ wa báyìí. Kó tó lọ, mo gbé fóònù mi tì í, mo fi "Hokoyo" sí i. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, nígbà tó yá ó ń fi ìka gbá irin bẹ́ẹ̀dì, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Zeke."

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àyè fún wọn lójú ewé orin yín, kì í ṣe orin kan yẹn nìkan, ẹ kọ nípa Postcard, ẹ kọ nípa álíbọ́ọ̀mù tó gbẹ̀yìn tí Edwyn àti Zeke nìkan ṣe, tí ẹ bá sì máa lo fọ́tò, ẹ lo èyí tí Zeke wà nínú ẹ̀. Tí lẹ́tà mi yìí bá gùn jù, ẹ gé ibi tó jẹ́ tèmi, ẹ fi ti Zeke sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá, Glasgow.