Ìgbìmọ̀ ààbò tí kò ní àpótí ìwé

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo níbí. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ lórí ààbò ni mo ní sọ, torí ojú mi ti rí tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti yan irú ẹ̀, ìgbà tí olè bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jà náà ni. Ìgbìmọ̀ kejì ní ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé kan: orúkọ ọdẹ, owó oṣù rẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tú ká, alága kó lọ sí Ìkìrun, ìwé bá a lọ. Lóru ọjọ́ tí olè tún dé, wọ́n fo ògiri sá lọ, àwa tí à ń lé wọn wá dúró sẹ́yìn géètì títì tá a fi owó ara wa rà, a ò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ ká tó rí wẹ́dà tó gé e. Náírà 4,000 ló gbà, èmi ni mo kọ rìsíìtì.

Amẹ́ríkà náà rìn ín. Lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001, wọ́n kó àjọ 22 pọ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ ààbò abẹ́lé kan, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ni ilé aṣojú-ṣòfin wọn ní kó máa mójú tó o. Àwọn tó wádìí ìkọlù náà sọ ní 2004 pé ìgbìmọ̀ ńlá àti kékeré 88 ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ọ̀hún ń lọ rojọ́ fún. 88! Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́? January 2005 ni wọ́n sọ ìgbìmọ̀ náà di ti gbére. Kò kúkú tán síbẹ̀, torí àwọn ìgbìmọ̀ àtijọ́ ò yọ̀ǹda gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Láti 2020 la ti ní Àmọ̀tẹ́kùn. Ohun tí mò ń bẹ àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa 26 fún ni pé, ìgbìmọ̀ tí yóò máa bi Àmọ̀tẹ́kùn léèrè kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń yan nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀. Kó ní akọ̀wé, kó ní àpótí ìwé, kó ní ọjọ́ tí ọ̀gá Àmọ̀tẹ́kùn yóò wá sọ iye ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò tíì gbowó. Ọmọ aládùúgbò mi kan ní jíjẹ gbére ni ìgbìmọ̀ gbére. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jókòó sójú kan, a mọ ilẹ̀kùn tá a máa kàn.

Ní tiwa, ìwé tuntun ti wà nílé ìpàdé. A ti gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.