Béèrè Lọ́wọ́ Rẹ̀ Kí O Tó Sọ Ọ́

Mọ́lété, Ìbàdàn.

Àkànbí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Bàbá rẹ náà kí ọ, ara wa le. Nígbà tí o pè lálẹ́ àná pé káńsù ti wọ́ mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ lọ, ohun tó wà lọ́kàn mi kò ṣeé sọ tán lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: ọmọ náà ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lọ́nà Mọ́kọ́lá, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ti mọ́tò pa, ó gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbà tí yóò fi padà débẹ̀, kò bá mọ́tò mọ́. Ó wá ń sọ fún ọ pé kí o jẹ́ kí ó lọ, pé òun kò lágbára láti máa bẹ ẹnikẹ́ni. Má gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Mọ́tò yẹn ló fi ń gbé ẹrù oníbàárà, òun ló fi ń ra oògùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹni tó bá ti rẹ̀ báyìí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ohun tí yóò máa wá lọ́la.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó gbé e. Káńsù mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn, márùn-ún ló wà láàárín ìgboro, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní àwọn tirẹ̀ tó ń mójú tó títì. Bí ẹ bá kàn gbéra lọ sí ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín, ẹ lè fi odindi ọjọ́ kan rin ìrìn asán. Padà sí ibi tó gbé mọ́tò sí, kí o kí fọ́káníṣà àti àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, kí o ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí o wá béèrè. Wọ́n á rántí ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ àti aṣọ tí àwọn tó wọ́ ọ wọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó rí káńsù kankan níbẹ̀, tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni kí ẹ gbà lọ, nítorí olè náà ń wọ́ mọ́tò. Lónìí ni kí o ṣe é. Ọ̀pọ̀ yáàdì tí wọ́n ń kó mọ́tò tí wọ́n wọ́ sí máa ń ka owó ìpamọ́ lójoojúmọ́, owó yẹn kì í sùn.

Ẹ ṣètò ìwé mọ́tò: láísẹ́ńsì, ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ín, ìwé àyẹ̀wò mọ́tò àti ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Wo ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì náà máa parí. Èyí tó kéré jù ti di 15,000 náírà láti 2023, àwọn mìíràn kò sì tíì sọ ọ́ dọ̀tun láti ìgbà náà. Ó sàn kí ẹ fojú ara yín rí àléébù inú ìwé nílé ju kí wọ́n bá yín rí i ní yáàdì.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde lórí ibùsùn ló kù. Mo mọ̀ ọ́, aláàánú ni ọ́. Bí o bá dé ọ́fíìsì yẹn, tí wọ́n dárúkọ owó ìtanràn, ohun tó máa kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu rẹ ni pé, “Ẹ ṣàánú wa, ara rẹ̀ ò yá, SS ni.” Má sọ ọ́. Má sọ ọ́ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí o sọ ọ́.

O kò lè rántí Bọ̀dá Kékeré dáadáa, àbúrò mi tó máa ń gbé ọ jókòó síwájú Vespa. Fọ̀níkúfọ̀ladìde, SS yìí kan náà, ló bá a fínra títí tó fi lọ. Ní ọdún kan, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé Vespa yẹn pé ibi tó gbé e sí kò bófin mu, mo sì bá a lọ gbà á. Èrò pọ̀, oòrùn mú, mo wò ó bó ṣe fẹ̀yìn ti ògiri, tí ètè rẹ̀ gbẹ. Mo gba àárín èrò kọjá síwájú, mo kúnlẹ̀, mo ké pé, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó rí i lò, aláìsàn ni, a ò mọ bó ṣe máa pẹ́ tó láyé.” Gbogbo èrò yíjú wò ó. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ká máa gbé e lọ, kò gba kọ́bọ̀. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹnìkan láti àdúgbò wa wà láàárín èrò náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ilé ọmọbìnrin tí àbúrò mi ń fẹ́, kó tó ráyè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, kò jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní wọn ò gbowó. Èmi ti san án.” Oṣù márùn-ún ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wa. A padà rẹ́, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró Vespa, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Má béèrè lójú àwọn òṣìṣẹ́, má sì béèrè lójú ọ̀nà. Béèrè nílé, nígbà tí ẹ bá jẹun tán, pé, “Bí wọ́n bá bi wá léèrè ìdí tí mọ́tò fi dúró níbẹ̀, kí ni o fẹ́ ká sọ?” Bí ó bá ní kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ó dára. Bí ó bá ní rárá, ọ̀nà mìíràn wà: ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ síwèé pé wọ́n gba ọmọkùnrin yìí sí ọsibítù láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, kí ó má dárúkọ àìsàn. Ó ṣeé ṣe. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní 2014 ló sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí. Ìwé yẹn ni kí ẹ so mọ́ lẹ́tà ìpẹ̀ tí ẹ máa kọ, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ inú rẹ̀ bá ọjọ́ tí mọ́tò dúró mu. Òun ni kó fọwọ́ sí i. Òun náà ni kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí ìwọ dúró tì í. Bí wọ́n bá ń wo ojú rẹ bí ẹni pé ìwọ lo ni mọ́tò, kí o yíjú sí i.

Bí ara rẹ̀ kò bá tíì le tó ìrìn, kó má lọ. Kí ó kọ ìwé àṣẹ fún ọ, kí ẹ lọ búra sí i ní Kóòtù Gíga ní Ring Road, kí o mú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Bí ó bá máa lọ, ẹ jí lọ kí oòrùn tó mú, kí ó wọ súẹ́tà bí òjò bá ṣú, kí o gbé omi púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ irú wọn máa ń ká bí dòjé, kì í ráyè kọjá nínú iṣan tín-ín-rín, òùngbẹ àti òtútù sì máa ń mú un le sí i. Wá àga fún un. Àga kò nílò àlàyé, sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ bá wa wá ibi tó máa jókòó.”

Owó tí wọ́n bá bù fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ san án sí àkáǹtì ìjọba, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá sún mọ́ yín lẹ́nu géètì pé òun lè bá yín yanjú rẹ̀ ní ìdajì owó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọjá. Bí wọ́n bá fi ìyà jẹ yín, àjọ Public Complaints Commission wà, láti 1975 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn kì í gbowó kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ aráàlú.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ ti gba mọ́tò, ẹ yí i po. Ya fọ́tò bọ́ńpà, dígí àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣí búùtù, wo sípíà táyà àti jáàkì. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán. O ní jíà ọ̀tómátíìkì ni: bí wọ́n bá wọ́ ọ tí táyà iwájú ń fà nílẹ̀, jíà lè ti bàjẹ́ láìsí pé ó hàn lójú. Ní kí mẹkáníìkì yín bá yín lọ, kí ó gbọ́ ọ kí ẹ tó gbé e sójú títì.

Mo fi 10,000 náírà sínú àpò ìwé yìí fún epo. Má sọ fún un pé èmi ni mo fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá gbà á tán, ẹ yà sọ́dọ̀ mi. Mo ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀, mo máa se mọ́ín-mọ́ín, mi ò sì ní bi í ní ìbéèrè kankan nípa ara rẹ̀.

Ìyá rẹ.